Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Wá Yín

Bàbá mi, olóhùn jẹ́jẹ́,

Nílé ìwé tí mo lọ n'Íbàdàn kí a tó wá bá yín ní Padova níbí, ní Italy, tíṣà wa kọ́ wa pé bí a bá ń kọ lẹ́tà sí àgbà, ká kọ́kọ́ sọ pé a nírètí pé àlàáfíà ni lẹ́tà náà yóò bá a. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Ibi tí ẹ wà, àwa la gbàgbọ́ pé kò sí àìsàn níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yí i padà nígbà náà: inú àlàáfíà ni lẹ́tà yìí ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ara tù wá, Bàbá mi. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí kò sì jẹ́ irọ́.

Olórí ìròyìn ni pé ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà. Màámi kò lọ sí Verona mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní Verona wo nìyẹn. Ẹ ní sùúrù fún mi kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá dé ibì kan kò gbọdọ̀ sọ ohun tó gbé e wá kó tó kí ará ilé tán, ìwà yẹn sì wà lára ohun tí mo fẹ́ ròyìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, a ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ìgbà díẹ̀ kí Màámi lè rí ara rẹ̀ kó jọ. Kò pẹ́ tí onílé fi ránṣẹ́ pé contratto, ìwé àdéhùn ilé, ti parí, pé òun fẹ́ gbé àyè náà fún àwọn tó ń ta fóònù. Ẹ má bínú sí i. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì bá wa gbé máṣíìnì ìránṣọ ńlá yẹn jáde. A rí àyè kékeré kan ní Arcella, ní òdìkejì ojú irin, lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì. Màámi gbé máṣíìnì sí ojú fèrèsé bí ẹ ṣe máa ń gbé e, ó to òwú láti funfun dé dúdú, ó fi ápúrọ́ọ̀nù yín kọ́ sára ògiri, ó wá jókòó, ó ń retí àwọn oníbàárà yín. Wọn ò wá.

Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ọdún mélòó ló fi jókòó sápá òsì yín, tó ń tú síìpù tó ti bàjẹ́ kí ẹ̀yin lè rán tuntun? Àmọ́ Màámi parí èrò sí pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù làwọn èèyàn fẹ́ràn, ẹ̀yin ni. Ó ní ẹni tí wọ́n ń wá wò ti lọ, ilẹ̀kùn lásán ló kù. Arábìnrin kan nínú ìjọ wá bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ badante ní Verona, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé, tó fẹ́ kí ẹni tí yóò máa tọ́jú òun máa sùn lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ Sunday nìkan ni Màámi ì bá máa rí wa. Ó ní òun máa dúró kí òtútù dé. Bí òtútù bá dé, tí àwọn tó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kò bá yọjú, òun á ta máṣíìnì, òun á lọ. Kò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n: tó bá ti rọra sọ ọ́ báyẹn, ó ti pinnu.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé wọn ò pa wá tì, wọn ò rí wa ni. Ẹni tó bá lọ síbi tí a wà tẹ́lẹ̀ máa bá fóònù nínú gíláàsì, ó máa yọ tirẹ̀ jáde lápò, ó máa wá wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ tèmi sì rèé.

Iṣẹ́ tí mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ṣe ní Treviso, kò yé yín tán títí ẹ fi lọ. Ẹ máa ń sọ fáwọn ará ìjọ pé ọmọ yín ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè bá a mú èèyàn wá. Kò jìnnà sóòótọ́. Bí ẹnì kan bá ń wá nǹkan, ó máa tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí, ẹ̀rọ náà á wá to àwọn ojú ewé tó rò pé wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà mu sílẹ̀ fún un, látòkè délẹ̀. Àwọn tó wà lókè làwọn èèyàn ń ṣí. Iṣẹ́ mi ni kí n mú ojú ewé kan, kí n tún àkọlé rẹ̀ ṣe, kí n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ ṣe, kí ó lè gòkè. Mo ti ṣe é fáwọn tó ń ṣe fèrèsé, mo ti ṣe é fún ọkùnrin kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn láyé yìí ju ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ. Mo bẹ̀ yín títí kí n ṣe é fún yín, ẹ kọ̀. Ẹ ní ẹni tí ẹ bá bá tún síìpù ṣe, ẹnu rẹ̀ ni yóò polówó yín. Èmi á ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ta ló dákẹ́ nínú àwa méjèèjì.

Ẹ tún máa ń fọ́nnu. Ẹ rántí? Ẹ ó wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó fọ gúlúù kúrò lọ́wọ́, ẹ ó wá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹ ó ní àwọn ará Padova ti ń gbọ́ Yorùbá. Ẹ ní ẹ̀ ń kí wọn, wọ́n sì ń kí yín padà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Dàmọ́lá, tí wọ́n bí síbí tí kò sì rò pé ọmọ Italy kankan lè pe ọ̀rọ̀ wa, á ní “Papà, ma dai,” pé kí ẹ yéé ṣàwàdà. Màámi á ní kí ẹ jẹun. Gbogbo wa la kà á sí àwàdà.

Mo ṣí ojú ewé tí arákùnrin inú ìjọ yẹn bá yín ṣe lọ́jọ́ tó ti pẹ́, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún un. Bàbá mi, ẹ̀rín pa mí, omi sì dà lójú mi. Ẹ Káàbọ̀ ni àkọlé rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú làálàá. Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sí èdè Italy bó ṣe wà gan-an, ojú ewé kan wá ń bi ẹni tí síìpù rẹ̀ já léèrè pé “Come stanno quelli di casa?” Èèyàn ní láti kí gbogbo ìkíni yẹn tán kó tó kan síìpù, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yín tẹ́ ẹ dé fìlà.

Irú àṣìṣe yìí, àfi ọmọ Yorùbá. Ọmọ Italy á kọ́kọ́ kọ ohun tó ń tà. Àwa ò lè sọ ohun tó gbé wa wá láìkí ará ilé, ẹ̀rọ ìṣàwárí ò sì ní ará ilé. Àkọlé àti ọ̀rọ̀ òkè ló kọ́kọ́ ń wò láti mọ ohun tí ojú ewé wà fún. Ohun tó rí nínú tiyín ni pé ọkùnrin kan wà ní Padova tó ń béèrè àlàáfíà gbogbo ayé.

Mo dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Mo yọ ìkíni kúrò. Mo pín ojú ewé kan náà sí mẹ́ta, síìpù lọ́tọ̀, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ lọ́tọ̀, báàgì lọ́tọ̀, torí ojú ewé tó bá pe ara rẹ̀ ní gbogbo nǹkan, ẹ̀rọ ò ní mọ ohun tí yóò pè é. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n kọ pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run, mo kọ cambio cerniera síbẹ̀, ìyẹn pípààrọ̀ síìpù, torí ohun tí ẹni tí síìpù rẹ̀ bàjẹ́ máa tẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ bẹ̀rù òun. Àwọn àwòrán àtijọ́ tóbi débi pé ojú ewé náà ń wọ́ bí ìgbín kó tó ṣí; Dàmọ́lá ti Torino wálé, ó ya tuntun, mo dín wọn kù kí wọ́n fúyẹ́, mo sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, nítorí àwọn afọ́jú, àti nítorí ẹ̀rọ náà, tí kò lójú tí a lè fọkàn tán. Mo kọ àdírẹ́sì tuntun síbi tí kò ṣeé fojú fò.

Ìkíni yẹn nìkan ló dùn mí. N kò pa á rẹ́, mo gbé e pamọ́ síbòmíràn nínú kọ̀ǹpútà mi. Síbẹ̀ ó ṣe mí bíi pé mo ní kí ẹ dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín.

Ojú ewé náà gòkè díẹ̀, ó wá dúró. Ó wà ní abala kẹta nínú èsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé àfi ẹni tó ṣìnà. Ewé ti ń já lára igi lẹ́bàá odò. Lọ́jọ́ kan tí mo yà kí Màámi, mo bá a tó ń fi aṣọ wé sísọ́ọ̀sì yín, èyí tó tóbi, tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà. Ó ní eruku ni òun ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò burú.

Ohun èlò kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa tó máa ń fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ hàn wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ojú ewé wa tó yọ sí wọn. Mò ń wò ó ní ọ́fíìsì lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí ọ̀rọ̀ síìpù, mo rí ti báàgì. Àmọ́ lókè gbogbo wọn ni Signor Pelle. Signor Pelle Padova. Signor Pelle ha chiuso, pé ṣé Signor Pelle ti kógbá sílé ni. Signor Pelle dov'è andato, pé níbo ló lọ. N kò lè parí oúnjẹ mi.

Ẹ mọ ohun tí pelle jẹ́ lẹ́nu wọn. Awọ ni. Bó ṣe rí lédè wa náà ló rí lédè wọn, awọ bàtà àti awọ ara, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, Bàbá mi, ó ti pẹ́. Nígbà tí mo wà ní scuola media, ilé ìwé girama wọn, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa nàka sí mi, ó ní “la figlia di Signor Pelle”, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Awọ. Èmi nìkan ni awọ ara mi yàtọ̀ nínú kíláàsì yẹn. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan mo wá sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá arúgbó kan ń jáde, ó pè yín bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ juwọ́ sí i. Mo rò pé kò yé yín. Inú bí mi nítorí yín, mo sì mú un mọ́ra, torí n kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń fi yín ṣẹ̀sín.

Ká ní oníbàárà Treviso ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un: ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ ni kó o lò, má lo èyí tó wù ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi kọ èébú síwájú ilé bàbá mi kí á lè rí oníbàárà? Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo pe Dàmọ́lá, mo sọ fún un. Èdè Italy ló fi dá mi lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní kò sí orúkọ tó burú ju kí Màámi lọ máa sùn nílé onílé lọ. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí dọ́kàn. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ní Saturday, mo lọ síbi tí a wà tẹ́lẹ̀ láti bẹ àwọn tó ń ta fóònù kí wọ́n jẹ́ kí n lẹ bébà kékeré kan mọ́ gíláàsì, kí n kọ àdírẹ́sì tuntun sí i. Màmá kan ti wà níbẹ̀, irun rẹ̀ funfun, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan lápá rẹ̀, ó ń bi ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ léèrè Signor Pelle. Ọmọkùnrin náà kò mọ ẹni tó ń sọ. Mo ní èmi ni ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ ti kú. Ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tí mo fi bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè yín bẹ́ẹ̀. Ohùn mi le, Bàbá mi. N kò fi ohùn ọmọ yín sọ ọ́.

Màmá náà kò kíyè sí i. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba díẹ̀, àfi bíi pé ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀.

“Perché entravi e lui ti chiedeva: è pelle? Sempre. Prima ancora del buongiorno.”

Ó ní torí bí èèyàn bá ti wọlé, ohun tí ẹ kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ṣé awọ ni, kí ẹ tó sọ ìkíni kankan. È pelle? Kò sì pè é bí ọmọ Italy ṣe ń pè é. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì gòkè lẹ́yìn. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohùn yín ni mo gbọ́ lẹ́nu màmá òyìnbó kan, lẹ́bàá ọ̀nà, lọ́sàn-án gangan.

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun rò pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá awọ lòun gbé wá tàbí aṣọ lásán, òun sì máa ń dá yín lóhùn. Bí ó bá jẹ́ awọ, á ní “Sì, è pelle.” Bí kì í bá ṣe awọ, á ní rárá o, tòní aṣọ ni. Ó ní òun sọ fáwọn aládùúgbò òun pé ọkùnrin kan wà nítòsí stazione, ibùdókọ̀ ojú irin, tó fẹ́ràn awọ débi pé òun ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti jáde. Ó tún ní bóyá òun gan-an lòun fún yín lórúkọ náà, kí n má bínú.

Bínú kẹ̀? Mo fẹ̀yìn ti gíláàsì àwọn oní-fóònù yẹn, mo bú sẹ́rìn-ín, n ò sì lè dá a dúró. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé èébú tí ẹnikẹ́ni kò bú. Ìkíni yín ni. Ẹ máa ń kìlọ̀ fún wa pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, ká máa fetí sí ohùn tí èèyàn fi sọ ọ́. Èmi ni mo gbọ́ akọ níbi tí abo wà. Ọmọbìnrin kíláàsì wa yẹn ńkọ́? Àbí ìyá rẹ̀ ní síìpù lọ́dọ̀ yín, tó kàn fẹ́ sọ pé òun mọ bàbá mi? N kò ní mọ̀ láé, ó sì ti tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé fún màmá náà. Mo ní ìkíni ni, pé a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó rẹ̀, fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, fún ẹni tó rẹrù. Mo ní a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ní ‘ẹ’ iwájú rẹ̀ yẹn, ti àgbà ni, ọ̀wọ̀ ni. Ó wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lápá rẹ̀. Ó ní ti ọkọ òun ni. Nígbà tí ọkọ náà kú, òun gbé e wá kí ẹ bá òun dín in kù kí òun lè máa wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ọwọ́ láyà lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ tún un sọ. Ó ń nu ojú, ó ń dá yín lóhùn pé sì, è pelle, ó sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń béèrè ohun tó wà níwájú rẹ̀.

“Allora mi faceva le condoglianze,” ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ ń bá a kẹ́dùn ni. Ó ní ọpẹ́ ni fún yín, ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun ṣùgbọ́n ó ti dé. Mo mú un gba abẹ́ ojú irin kọjá sí Arcella, ó di apá mi mú. Màámi tún síìpù jákẹ́ẹ̀tì náà ṣe lójú rẹ̀, ó tú sísọ́ọ̀sì yín sílẹ̀ nínú aṣọ tó fi wé e kó tó lè gé òwú.

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì ìgéṣọ. Mo kọ Signor Pelle sí àkọlé, kí ó ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, síìpù, jákẹ́ẹ̀tì, Padova, Arcella. Mo kọ ọ́ pé àwa la wà nítòsí stazione tẹ́lẹ̀, pé ibí ni a kó wá. Mo sì gbé ìkíni yín padà sókè pátápátá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú òtútù àti ará ilé ńkọ́ ṣì ń sinmi níbi tí mo kó wọn sí. Ẹ pẹ̀lẹ́ nìkan ni, àti ìlà kan lédè Italy tó sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ohun tí mo yọ dànù kí wọ́n lè rí yín, òun gan-an ni wọ́n fi ń wá yín. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi ṣe nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò mọ kọ̀ǹpútà tàn ti ṣe é sílẹ̀ dè mí, ẹ kò sì mọ̀.

Òtútù dé. Ẹni tó bá tẹ Signor Pelle báyìí, àwa ló máa kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ojú ewé síìpù náà ti wà ní abala àkọ́kọ́ fáwọn ará Padova. N kò ní purọ́ fún yín, àwọn kan ṣì wà lókè wa, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ò lè kí èèyàn bíi tiyín. Aago ẹnu ọ̀nà ń dún. Àwọn arúgbó ń wá, wọ́n ń bínú sí wa pé a ṣí kúrò láìsọ fún wọn, wọ́n ń wo ápúrọ́ọ̀nù yín lára ògiri, wọ́n ń mi orí. Màámi pe Verona, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbàdúrà gígùn fún ìyá arúgbó yẹn, ó ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ òun dí. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ mi dí, mo ní kó tún un sọ fún mi.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀? Ọjọ́ tí arúgbó yẹn pè yín ní Signor Pelle tí ẹ juwọ́ sí i, kí lẹ rò pé ó ń sọ? Àbí ẹ ti mọ̀ tipẹ́, ẹ kàn fẹ́ máa gbádùn rẹ̀ lọ?

Mo jókòó sórí àga yín ní Saturday tó kọjá. Màámi, tí kì í fi nǹkan mìíràn kí oníbàárà ju buongiorno wọn lọ láti ọjọ́ tó ti dé orílẹ̀-èdè yìí, torí ojú ń tì í, gbọ́ aago ẹnu ọ̀nà. Bàbá kan wọlé, jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ti pa á díẹ̀. Màámi gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Ọkùnrin náà gbé jákẹ́ẹ̀tì sókè kí ó lè rí i dáadáa, ó ní, “Sì, signora, è pelle.”

Màámi wò mí. A ò tún un ṣe fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Màámi fi orí lé máṣíìnì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. N ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tí a ti sin yín.

“Bàbá yín ò purọ́,” ó ní. “Wọ́n ń kí i padà. Wọ́n tún ń fi ‘ẹ’ ti àgbà kún un.”

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá mi. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òtútù. Gbogbo ará ilé wà.

Èmi ni, ẹni tó ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn yín,
la figlia di Signor Pelle.